Ẹni Kan, Omi Kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mi ò ní pẹ́ jù, àmọ́ mi ò sì ní sáré. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe, ìyá mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí tó fi kú. Bí àwọn ará Ìkirè bá bi í pé kí ni Làbákẹ́ ń ṣe l'Ékòó, á ní, "Ó ń bá àwọn dókítà gé ẹran." Ẹran kọ́ o. Ènìyàn ni.

Ohun tó jẹ́ nìyí. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan, tí wọ́n sì yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọmalíìnì, oògùn kan tó máa ń ta ni lójú, tí kì í jẹ́ kó jẹrà, wọ́n á wá gbé e wá bá wa. Àwa la máa rì í sínú ìda gbígbóná. Bí ìda yẹn bá dì, a ó fi ẹ̀rọ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó máa ń fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ègé yẹn á ká kò, nítorí náà a ó tẹ́ ẹ sójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́ kan kó lè nà, a ó sì fi gíláàsì pẹlẹbẹ gbé e kúrò lójú omi. Lẹ́yìn ìyẹn la máa kùn ún láwọ̀, dókítà á gbé e sábẹ́ máíkúrósíkóòpù, á sì sọ bóyá jẹjẹrẹ ni àbí òun kọ́. Gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ fún yín, inú abọ́ omi yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Éjìgbò ló mú mi lọ. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ máa ń bà mí, mo ní rárá, irọ́ ni mo pa. Owó ibẹ̀ tó jẹun, kò tó ṣe fújà. Ó parí.

Ilé àyẹ̀wò náà wà ní Àjàó Estate, ibi tó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú débi pé bí ọkọ̀ òfurufú bá ń balẹ̀, gíláàsì inú dúrọ́ọ̀ á máa dún wọnranwọnran, ojú omi inú abọ́ á sì máa gbọ̀n. Gbogbo wa á dáwọ́ dúró títí tó fi máa kọjá. Ẹni tó bá ń tẹ́ ègé lọ nígbà tí omi ń gbọ̀n, ọ̀gá wa lè lé e síta fún odidi ọjọ́ kan.

Bàbá Àlàbá là ń pe ọ̀gá wa. Ọmọ Ìsọlọ̀ gan-an ni wọ́n, àmọ́ Ṣógúnlé ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo, obì kì í kúrò lẹ́nu wọn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí i tí wọ́n to àwọn ike tí wọ́n gbé wá láti ọsibítù sórí tábìlì, wọ́n wá ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàbọ̀ sà." Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, sà. Ike lẹ̀ ń kí."

"Ike kọ́. Ẹnì kan ló wà nínú ẹ̀. Ìyókù rẹ̀ wà nílé báyìí, kò lè jẹun, ó ń retí ohun tá a máa sọ. Lọ síta. Tó o bá ti lè kí ènìyàn, kó o wọlé."

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà títí oòrùn fi wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo padà wọlé, mo kí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ jọ yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ó wá ń ṣe mí bákan, nítorí pé nígbà míì, bí mo bá ti kí wọn tán, ilé á pa lọ́lọ́, á wá dà bíi pé mò ń dúró kí wọ́n dáhùn.

Oṣù mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Gíláàsì ni mò ń fọ̀. Bí Bàbá bá rí àmì ìka kan lára ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni màá tún fọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n gé, ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà gé mi ní àtàǹpàkò. Bàbá rí ẹ̀jẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni, "Ṣé kò kán sára aláìsàn?" Wọ́n yẹ ìda yẹn wò yí po kí wọ́n tó wá fún mi ní òwú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì bú wọn nínú mi, ẹ jẹ́ n má parọ́.

Àmọ́ òfin kan wà tó ju gbogbo òfin wọn lọ. Ẹni kan, omi kan. Bí a bá tẹ́ ègé ara ènìyàn sójú omi, èérún rẹ̀ tí ojú kò rí lè já sílẹ̀, kó máa léfòó. Bí o bá tẹ́ ti ẹlòmíràn sójú omi yẹn láìgbá a, èérún ti ẹni àkọ́kọ́ á lọ lẹ̀ mọ́ ti ẹnì kejì. Dókítà á wá rí jẹjẹrẹ lára ẹni tí kò ní in. Nítorí náà, kí o tó tẹ́ ti ẹnì kan, wàá fi pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbá ojú omi láti etí dé etí. Níbòmíràn, wọ́n á ju pépà yẹn nù. Bàbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Wàá fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà ẹni tí o gbá omi dè sára rẹ̀, wàá sì fi í kọ́ ìṣó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ní Fráídè, Bàbá á já gbogbo rẹ̀, á fi wọ́n wé búlọ́ọ̀kù ìda tá a gé lọ́sẹ̀ náà. Ìgbà kan, pépà kan dín lórí tèmi. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún gé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí síbi máíkúrósíkóòpù. Ìfun ńlá obìnrin kan la gé. Wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tó dára hàn mí, ó tò létòlétò bí afárá oyin. Wọ́n fi ibi tí jẹjẹrẹ wà hàn mí, gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n wá pààrọ̀ gíláàsì, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ìfun mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn kókó kéékèèké tó wà nínú ọ̀rá ẹ̀yìn ìfun ni. Wo igun yẹn dáadáa."

Mo wò ó. Ẹyọ jẹjẹrẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n, wọ́n jókòó sí etí kan, wọn ò ṣe nǹkan kan.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, sà?"

"Wọ́n ń wo ilé," ni Bàbá sọ. "Bíi ti ayálégbé. Wọn ò tíì kó ẹrù dé."

Mo ti rí jẹjẹrẹ tó tóbi tó ìkúùkù, kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún ń lọ. Ọ̀bẹ tí a máa ń pọ́n lára awọ di abẹ tí a ń lò sọnù. Ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí di oníná, ìyẹn nígbà tí iná bá wà. Kọ̀ǹpútà dé, ó ń tẹ nọ́ńbà jáde fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá bá wa ń fi ìṣó wa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó jọ ibi tí alákàrà ń kọ́ pépà sí. Bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n fa iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kí ìṣó náà wà níbẹ̀. Mo le ju Bàbá lọ nígbà míì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi.

Ó tó bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìn tì, fóònù mi dún, Bàbá ló pè.

"Làbákẹ́, wọ́n ti yọ lára ìfun mi. Wọ́n á gbé e wá bá yín lọ́la. Ìwọ ni kó o gé e. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn mí."

Wọ́n gbé e dé. Mo gbé ike náà sórí tábìlì, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ọkọ̀ òfurufú kan ń balẹ̀, ike náà sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n jẹ́jẹ́ níwájú mi. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mi ò dìde títí ó fi kọjá.

Kókó mẹ́rìnlá ni mo rí nínú ọ̀rá ìfun Bàbá. Àwọn kókó yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Bí wọ́n bá mọ́, a jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà kò tíì jáde nílé, iṣẹ́ abẹ ti tó. Bí ọ̀kan bá ní in, wọ́n gbọ́dọ̀ fún Bàbá ní oògùn líle tí wọ́n ń fà sí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, dókítà wa àgbà ránṣẹ́ pè mí. Kókó mẹ́tàlá mọ́. Nínú ẹyọ kan, ní etí pátápátá, ìdì jẹjẹrẹ kékeré kan wà níbẹ̀, ẹyọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n ní kí èmi náà wò ó.

"Màdáámù, ta lẹ gé ṣáájú Bàbá?"

"Ìfun ẹlòmíràn ni, sà. Jẹjẹrẹ wà níbẹ̀."

"Mo rí i. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló ti léfòó wá. Ẹ tún kókó yẹn gé wọnú sí i."

Mo tún un gé ní ibi mẹ́fà. Kò sí nǹkan kan. Ìdì náà ò sí níbòmíràn àfi lórí gíláàsì àkọ́kọ́ yẹn. Dókítà yí àga wọn sí mi.

"Ó kù sọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ gbá omi kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ?"

Ẹ wò ó, mi ò rántí. Ẹni tó bá ti ṣe nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọwọ́ ló ń ṣe é, orí ò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé, "Sà, ẹ jẹ́ n lọ wo ìṣó." Ìṣó náà wà níbẹ̀, kò jìnnà tó ogún ẹsẹ̀ bàtà. Àmọ́ mo ti lọ kí Bàbá lọ́sibítù. Mo ti rí bí wọ́n ṣe rù, bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n tí wọ́n fi ń mu omi. Mo ní oògùn yẹn á pa wọ́n. Mo fẹ́ kó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ kó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

"Mi ò gbá a, sà," ni mo sọ. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀bi mi ni."

Dókítà bá mi wí díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé gbogbo kókó mọ́, pé èérún omi ni èyí tó wà lórí ẹyọ kan yẹn. Bàbá pè mí, wọ́n ṣàdúrà fún mi àti fún àwọn ọmọ mi títí káàdì fóònù wọn fi tán.

Fráídè wá dé. Mo já pépà orí ìṣó. Nọ́ńbà Bàbá wà níbẹ̀. Ìkọ̀wé mi ni, pẹ́ńsùlù mi ni, mo tilẹ̀ fa igi sábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ti gbá omi. Ìdì yẹn kò ti ibì kankan léfòó wá, ti Bàbá ni.

Ilé dókítà kò jìnnà. Ìwé náà ṣeé yí padà nígbà náà, Bàbá ò tíì kúrò lọ́sibítù. Mo pa pépà yẹn pọ̀, mo fi sínú pọ́ọ̀sì mi, mo lọ sílé. Ojú tì mí láti sọ pé mo parọ́, ẹ̀rù dókítà àgbà sì bà mí. Mo tún wá rí "bóyá" gbámú: bóyá pépà yẹn ò gbá a mọ́ tán, bóyá ẹyọ mẹ́rin márùn-ún ò lè ṣe nǹkan. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn.

Ọdún mẹ́ta ni Bàbá fi sanra. Iléyá mẹ́ta ni wọ́n fi ẹran ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè fi ẹnu kàn án, àwọn ará ilé ló ń jẹ ẹ́. Bí mo bá rí wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níwájú ilé wọn ní Ṣógúnlé, inú mi á dùn, ẹ̀yìn ọrùn mi á sì tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń wò wọ́n, mo sì ń rò ó pé àwọn yẹn ń wo ilé.

Lọ́dún kẹrin, wọ́n gbé èérún kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú wá bá wa. Ẹ̀dọ̀ ni. Mo wo orúkọ ara rẹ̀, ti Bàbá ni, mo sì jókòó. Mo gé e fúnra mi. Mo kùn ún, mo wò ó kí n tó gbé e fún dókítà. Ojú àwọn jẹjẹrẹ tó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì. Bí ènìyàn ṣe ń mọ ẹni tó ti rí rí lẹ́nu ọ̀nà ni mo ṣe mọ̀ wọ́n. Àwọn ni. Wọ́n ti kó ẹrù dé.

Dókítà àgbà ti lọ nígbà yẹn. Dókítà Ṣọlá, obìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀kọ́ dé, ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá gíláàsì àtijọ́ jáde. Ó fọ àwọ̀ ìjọ́sí kúrò lára rẹ̀, ó sì fi àwọ̀ tuntun kan kùn ún, èyí tí kì í mú gbogbo jẹjẹrẹ, àfi irú kan. Ìdì kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀, ní etí rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹyọ méjì péré ló gba àwọ̀ náà, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín àwọn tó kù.

"Ẹ wò ó, mà," ni Dókítà Ṣọlá sọ. "Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ kò lè dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn ń pọ̀ síbi tó wà ni, á sì kú. Àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ìyá. Ẹ mọ èbù iṣu? Ẹyọ kan péré, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, á tún odidi ebè iṣu dá. Àwọn méjì yìí, èbù ni wọ́n. Wọ́n á wọnú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sínú kókó, tàbí ẹ̀dọ̀, wọ́n á sùn. Wọ́n lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún."

"Bí wọ́n bá fún Bàbá lóògùn nígbà yẹn ńkọ́?"

"Ó lè pa wọ́n. Ó sì lè má pa wọ́n, torí èyí tó ń yára bí sí i ni oògùn yẹn ń rí, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èyí tó ń sùn. Kò sẹ́ni tó lè sọ. Àmọ́ wọn ò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ wò." Ó tún wo ìwé àtijọ́ náà. "Èérún omi. Ta ló sọ pé omi ni?"

"Èmi ni," ni mo sọ.

Ó yí ojú padà sí máíkúrósíkóòpù.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún. Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ sí Ṣógúnlé. Bàbá jókòó sí pálọ̀, ojú wọn ti pọ́n bíi pupa ẹyin, ikùn wọn ti yọ. Mi ò lè jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo yọ pépà yẹn nínú pọ́ọ̀sì mi, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n wọ awò wọn. Wọ́n gbé pépà náà súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ rẹ nìyí. O gbá omi."

"Mo gbá a, sà."

"Wọ́n ní o ò gbá a. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní ṣé ọmọ tí mo kọ́ ló fi omi sílẹ̀. Kí ló dé tó o fi parọ́ mọ́ ara rẹ?"

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ tiyín, sà."

Mo ń retí èébú, mo ń retí kí wọ́n ní kí n jáde síta bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìbá sàn fún mi.

"Làbákẹ́, tèmi ni," ni wọ́n sọ. Ohùn wọn ò ga. "Ó burú, àmọ́ tèmi ni. Èmi ló yẹ kí n bá a jà, tàbí kí n ní mi ò jà. O gbé nǹkan mi fún ẹlòmíràn. Kí ni mo kọ́ ọ?"

"Ẹni kan, omi kan, sà."

"Ìwọ wá da èmi àti ẹlòmíràn pọ̀, láìjẹ́ pé omi ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n dá pépà náà padà fún mi. "Lọ fi kọ́ ibi tó ti wá. Mo dárí jì ọ́. Àmọ́ má mú un kúrò níbẹ̀ mọ́."

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n kú. Wọ́n sin wọ́n ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wọn ṣe ní kí wọ́n ṣe.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ti sọ òtítọ́ fún àwọn ọ̀gá mi kí n tó kúrò, wọ́n sì fi ìwé ìbáwí lé mi lọ́wọ́, mo gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, ó dára. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ dára ju tiwa lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá bi yín ní ohun kan tí ẹ ò rántí, ẹ ní ẹ ò rántí, kí ẹ sì lọ wo ìṣó. Ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò, ní àárọ̀, èmi nìkan ni mo wà ní yàrá búlọ́ọ̀kù, níbi tá a ń kó ìda àti gíláàsì àtijọ́ sí. Ohun tí ó wà nínú ìda tàbí lórí gíláàsì kì í jẹrà, kí ẹ mọ̀ o. Bàbá ti di erùpẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ìyá tó bí wọn pàápàá, bó bá rí wọn, kò lè mọ̀ wọ́n mọ́. Àmọ́ mo fa dúrọ́ọ̀ náà, gíláàsì wọn wà níbẹ̀, àwọn méjì yẹn sì wà lára rẹ̀, wọ́n pọ́n bí ọjọ́ tí a kùn wọ́n, wọ́n jókòó sí etí. Àwọn nìkan ló ṣẹ́kù lára ọ̀gá mi. Ọkọ̀ òfurufú kan ń balẹ̀, gbogbo gíláàsì inú dúrọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún. Mo dúró kó kọjá, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí ilé pa lọ́lọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."